Kókó náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dàgbà mọ́

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ìtànṣán ṣiṣẹ́ abẹ sí kókó tó wà lára iṣan etí mi òsì, ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé wọ́n ti yọ ọ́?" Mo máa ń dáhùn pé rárá, wọn ò yọ ọ́, wọn ò tiẹ̀ ní in lọ́kàn láti yọ ọ́. Ojú wọn á wá yí padà, bí ẹni pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Nítorí wọn ni mo ṣe ń kọ èyí, àti nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé irú kókó yìí wà lára wọn. Ẹni tó bá rò pé kókó á pòórá lẹ́yìn ìtànṣán, àyà rẹ̀ á já gan-an lọ́dún àkọ́kọ́, ìpayà yẹn sì lè tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ tí kò yẹ kó wọ̀. Dídá a dúró ni wọ́n ń dá a dúró. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ kó tó lọ, ó ti mọ ohun tó ń lọ gbà.

Vestibular schwannoma ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é báyìí. Acoustic neuroma ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Iṣan kẹjọ nínú àwọn iṣan tó ti ọpọlọ jáde ló ń gbé ohun tí etí gbọ́ lọ fún ọpọlọ, òun náà ló ń sọ fún un bóyá a dúró ṣánṣán tàbí a ti fẹ́ ṣubú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó wé mọ́ iṣan náà, Schwann ni wọ́n ń pè wọ́n. Tí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i láìgbàṣẹ, ó di kókó. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ràn lọ sí ẹ̀dọ̀ tàbí egungun. Ibi tó jókòó sí ni wàhálà. Ihò tóóró kan ni nínú egungun etí, inú ihò yẹn kan náà sì ni iṣan tó ń darí ojú gbà, iṣan tó ń jẹ́ ká lè rẹ́rìn-ín ká sì pa ojú dé. Tí kókó bá dàgbà jáde nínú ihò yẹn, ìdí ọpọlọ ló máa lọ bá.

Orí tẹlifóònù ni tèmi ti kọ́kọ́ fara hàn. Tí mo bá gbé fóònù sí etí òsì, mo máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo mọ̀ pé òun ni, mo tiẹ̀ mọ̀ pé inú ń bí i, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó ń sọ. Tí mo bá gbé e sí ọ̀tún, ọ̀rọ̀ á já gaara. Nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, apá òsì mi ni àwọn tenor máa ń dúró sí. Ó ṣe díẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn wọn dáadáa mọ́, mo wá ń wo ẹnu wọn kí n tó mọ ibi tí orin dé. Ìró tín-ín-rín kan tún gba inú etí náà kan, kì í dákẹ́ lọ́sàn-án, kì í dákẹ́ lóru.

Àyẹ̀wò ìgbọ́ràn tí wọ́n ṣe fún mi pín sí méjì. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìró lásán dán etí wò, etí òsì mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ burú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n máa pè é tẹ̀ lé wọn. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Mo ń gbọ́ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbà kò tó ìdajì. Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò náà kò bá mi sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rárá. Ó kọ̀wé pé kí n lọ ya MRI, ìyẹn àwòrán inú orí, kí wọ́n sì fa oògùn gadolinium sí mi lára kí kókó tó bá wà níbẹ̀ lè tàn yọ. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn títí dòní. Ẹni tí etí rẹ̀ kan bá ń kú ju ìkejì lọ láìnídìí, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ọjọ́ orí ni" lé òun lọ sílé. Ọjọ́ orí kì í sábà mú etí kan kó fi ìkejì sílẹ̀.

Mìlímítà 16 ni kókó náà nígbà tí a kọ́kọ́ rí i. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó gbà mí là ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ fún mi: ká máa ṣọ́ ọ, ká la ibẹ̀ ká yọ ọ́, tàbí ká fi ìtànṣán dá a dúró. Ó ní òun fara mọ́ ká kọ́kọ́ ṣọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi fárígá. "Kí ni wọ́n ń ṣọ́? Ṣé kó lè jẹ etí yẹn tán ni?" Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń bá a jà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú kókó yìí kì í dàgbà rárá fún ọdún púpọ̀, èyí tó bá sì ń dàgbà, bíi mìlímítà 1 sí 2 lọ́dún ló sábà máa ń jẹ́. Lórílẹ̀-èdè Norway, wọ́n pín èèyàn 100 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kókó kékeré lára wọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n fún ìdajì wọn ní ìtànṣán lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ìdajì tó kù. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2023. Lẹ́yìn ọdún 4, kókó àwọn tó gba ìtànṣán ti súnkì ju ti àwọn tó dúró lọ, ṣùgbọ́n ní ti ìgbọ́ràn, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Lára àwọn tí wọ́n ń ṣọ́, ó ju ìdajì lọ tí wọn ò nílò ìtọ́jú kankan láàárín ọdún 4 yẹn. Nítorí náà, ẹni tí dókítà rẹ̀ bá ní kó dúró, kì í ṣe pé wọ́n pa á tì.

Tèmi ò dúró. Nígbà tí a tún yàwòrán lẹ́yìn ọdún kan, ó ti di mìlímítà 19, ó ti yọrí jáde nínú ihò egungun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kan ìdí ọpọlọ. A ní láti ṣe nǹkan.

Ọkùnrin ará Sweden kan, Lars Leksell, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ló dá orúkọ radiosurgery, ìyẹn fífi ìtànṣán ṣiṣẹ́ abẹ, sílẹ̀ lọ́dún 1951. Òun àti Börje Larsson, onímọ̀ físíìsì, ni wọ́n jọ ṣe ẹ̀rọ tí a wá mọ̀ sí Gamma Knife, Stockholm sì ni àkọ́kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Lọ́dún 1969, Leksell fi ìtànṣán tọ́jú irú kókó tèmi yìí. Nígbà yẹn, ìtànṣán tí wọ́n ń lò pọ̀ gan-an. Kókó ń dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú àwọn kan ń rọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí ọ̀pọ̀ sì ń di pátápátá. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti dín in kù sí nǹkan bíi Gray 12 tàbí 13 (Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tí ara gbà) ní ìpẹ̀kun kókó, wọ́n sì rí i pé kókó ṣì ń dúró bẹ́ẹ̀ náà. Ohun tó fún mi ní ìgboyà nìyẹn. Mo gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ tí àwọn tó ń ṣe é ti ń wo àléébù rẹ̀ látọdún pípẹ́, tí wọ́n sì ń tún un ṣe.

Dókítà mi kò fi nǹkan kan pa mọ́. Nínú èèyàn 100, kókó àwọn tó lé ní 90 kì í tún dàgbà mọ́ títí ọdún 10. Iṣan ojú kì í sábà fara gbọgbẹ́: àwọn tí ojú wọn ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ lẹ́yìn rẹ̀ lé ní 95 nínú 100. Ní ti etí, ó ní kí n má tan ara mi. Ìgbọ́ràn tó ti lọ kò ní padà wá. Èyí tó kù lè wà fún ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá fi máa di ọdún 10, àwọn tí etí wọn ọ̀hún ṣì wúlò fún ọ̀rọ̀ kì í tó ìdajì. Mo sunkún nínú kílínìkì rẹ̀ nítorí orin. Kò sọ fún mi pé kí n má sunkún. Ó dúró dè mí, a sì ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Ọjọ́ ìtọ́jú náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú férémù. Irin kan ni tí wọ́n ń dè mọ́ orí kí orí má baà yẹ̀ rárá, ìṣó kékeré mẹ́rin tí wọ́n ń yí ló sì ń mú un dúró, méjì níwájú orí, méjì lẹ́yìn. (Àwọn ibòmíràn ń lo ìbòjú tí wọ́n fi ìrísí ojú èèyàn ṣe, pàápàá tí wọ́n bá máa pín ìtànṣán sí bíi ìgbà mẹ́ta tàbí márùn-ún.) Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa ojú ibẹ̀ kú ló ta mí jù. Nígbà tí wọ́n wá ń yí ìṣó náà, mi ò mọ ìrora, ńṣe ni orí ń fún mi, tó ń fún mi, títí mo fi rò pé mi ò ní lè gbà á mọ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ń gbọ́ bí irin ṣe ń yí, ìró rẹ̀ ń gba inú egungun orí mi wọlé. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyá Dárà, mí sínú dáadáa." Òun gan-an ni kò mí.

Wọ́n tún ya MRI mìíràn pẹ̀lú férémù lórí mi. Lẹ́yìn náà ni dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, dókítà ìtànṣán, àti onímọ̀ físíìsì kan jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo ní mo fẹ́ rí i. Onímọ̀ físíìsì náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. "Ẹ wò ó, mà." Kókó mi funfun báláú, ìlà aláwọ̀ ìyeyè kan sì wé mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ibi tí ìlà yẹn bá gbà, Gray 12 ni yóò dé ibẹ̀. Àárín kókó á gba ìlọ́po méjì rẹ̀, Gray 24. Lẹ́yìn ìlà yẹn, ìtànṣán ń já wálẹ̀ kíákíá. Ó wá nawọ́ sí ẹ̀yà kékeré kan nítòsí kókó, cochlea, ibi tí ìró ti ń di ohun tí iṣan lè gbé. Ó ní àwọn ò fẹ́ kí ohun tó máa dé ibẹ̀ ju Gray 4 lọ. Ó sún ìlà náà díẹ̀, ó wò ó, ó tún sún un. Mìlímítà kan tàbí ìlàjì rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń tìtorí ẹ̀ sún un. Ó pẹ́ gan-an lórí ìyẹn nìkan, àwọn dókítà méjèèjì sì dúró dè é láìsọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ìtọ́jú náà, ibi tí ọkàn mi ti balẹ̀ jù nìyẹn, tí mo rí àlejò kan tó ń ro etí mi bó ṣe ń ro tirẹ̀.

Inú ẹ̀rọ náà, orísun ìtànṣán cobalt-60 tó wà níbẹ̀ jẹ́ 192. Ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí: ìtànṣán kọ̀ọ̀kan ò lágbára tó láti pa ọpọlọ tó bá gbà kọjá lára, ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni agbára wà, inú kókó sì ni wọ́n ti pàdé. Ẹnì kan ò rí i, ẹnì kan ò gbọ́ ọ, kò gbóná. Ibùsùn ń sún díẹ̀díẹ̀, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀, mo sùn lọ díẹ̀. Agbára cobalt-60 máa ń dín kù sí ìdajì láàárín ọdún 5 ó lé díẹ̀, nítorí náà tí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹ máa pẹ́ nínú ẹ̀rọ ju ẹni tó ṣe tirẹ̀ níbòmíràn lọ, ẹ má bẹ̀rù. Ìwọ̀n kan náà lẹ máa gbà, orísun ẹ̀rọ yín ló ti gbó díẹ̀. Wọ́n tú férémù, wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ojú ìṣó, a sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Orí fọ́ mi di ọjọ́ kejì, ojú ibi tí ìṣó ti wọlé sì kú tipiri fún ìgbà díẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà ni èyí tó tẹ̀ lé e.

Ìtànṣán kì í pa sẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ kan. Ó ń ba DNA inú rẹ̀ jẹ́, ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá wá fẹ́ pín sí méjì ni kò ní lè pín. Ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ kókó náà ń dí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú. Sẹ́ẹ̀lì tí kì í yára dàgbà kì í yára kú. Bí ó ti ń kú lọ, kókó lè wú, pàápàá láàárín oṣù 6 sí 18. Tèmi wú. Àwòrán oṣù kẹfà fi mìlímítà 22 hàn. Ìpéǹpéjú mi òsì ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lápá ibẹ̀ kú tipiri, òòyì sì ń kọ́ mi tí mo bá yíjú lójijì. Ìwé àbájáde kọ ọ́ ní ṣókí pé kókó ti tóbi sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ka ìwé náà, ó gbé ọwọ́ lérí. Ó mú mi lọ bá dókítà mìíràn, ìyẹn sì ní ìtànṣán ti kùnà, ká tètè lọ yọ ọ́. Mi ò sùn lóru yẹn. Nígbà tí mo gbé e padà fún dókítà mi, kò wo ìwé àbájáde rárá, àwòrán ló ṣí. Ó fi èyí tí a yà lọ́jọ́ ìtọ́jú sí ẹ̀gbẹ́ tuntun. Ti àkọ́kọ́ funfun látòkèdélẹ̀. Ti tuntun tóbi jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ti dúdú, níbi tó gba Gray 24 yẹn gẹ́lẹ́. "Ohun tó ń kú lẹ̀ ń wò yìí," ló sọ. Ó fún mi ní oògùn steroid, èyí tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀, fún ìgbà díẹ̀, ó ní ká dúró. Ó ní àwọn kì í pe ìtànṣán ní akùnà nítorí àwòrán kan ṣoṣo lọ́dún àkọ́kọ́. Kókó tó bá ń dàgbà lọ láìdúró títí ó fi tó bí ọdún 3, ìyẹn ni àwọn ń bẹ̀rù. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá sì ṣe sí kókó tó wú lẹ́yìn ìtànṣán lè nira ju ti tẹ́lẹ̀, torí ó lè ti lẹ̀ mọ́ iṣan ojú.

Mi ò sọ pé kéèyàn fojú fo ohun gbogbo lọ́dún yẹn. Orí fífọ́ tó ń le sí i lójoojúmọ́, èébì, ojú tó ń ṣú, ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ gbéra mọ́, ìwọ̀nyí lè jẹ́ pé omi inú ọpọlọ ń kóra jọ, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Tèmi rọlẹ̀. Ó padà sí 19, ó sì di 17, ibẹ̀ ló wà. Ìpéǹpéjú kò gbọ̀n mọ́. Fún òòyì, oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ní kí n máa rìn kí n máa yíjú sọ́tùn-ún sósì, kí n máa dúró lórí fóòmù pẹ̀lú ojú pípadé nítòsí ògiri. Ó máa ń rínni lára níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ máa ń kọ́ bó ṣe lè gbára lé etí kejì. Inú òkùnkùn nìkan ni mo ṣì ń ṣọ́ra. Etí náà ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti sọ. Ní báyìí mò ń lo ẹ̀rọ CROS: ọ̀kan wà ní etí òsì tó ń gba ohùn, ó ń ta á sí èyí tó wà ní ọ̀tún. Ó wúlò gan-an nídìí tábìlì tí èèyàn pọ̀ sí. Fún orin, kò tó. Mo ṣì ń kọrin.

Ìtànṣán ò bá gbogbo èèyàn mu. Kókó tó bá ti fẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 3, tó sì ń ti ìdí ọpọlọ, iṣẹ́ abẹ gidi ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní etí méjèèjì, bóyá àìsàn NF2 ni, àbùkù nínú àpilẹ̀ àbùdá kan lórí kúrómósóòmù 22, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá, ó yẹ kí àwọn ẹbí rẹ̀ náà ṣe àyẹ̀wò. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá ìtànṣán lè sọ kókó di jẹjẹrẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ẹ bi dókítà yín léèrè, ó yẹ kó lè dá yín lóhùn láìbínú.

Ohun kan ṣì kù tí mo máa ń tẹnu mọ́. Ẹ gba àwòrán MRI yín sórí díìsìkì nígbàkígbà tí ẹ bá yà á, kì í ṣe ìwé àbájáde nìkan. Ẹni tó bá fi àwòrán ọdún yìí wé ti èṣí nìkan lè má rí kókó tó ń fi ìdajì mìlímítà dàgbà lọ́dọọdún, á máa kọ ọ́ pé "kò sí ìyàtọ̀" títí ọdún 6 á fi kọjá. Èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ ìtànṣán ni òṣùwọ̀n. Ẹ gbé e dání lọ sí gbogbo kílínìkì, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun níṣojú yín.